Ọkọ̀ ojú omi kan yà, rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè lọ mọ́: kí ló wà nínú ọ́síjìn tútù yìí?

AjíwòSánmà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Fídíò àtijọ́ kan ni mo wò lálẹ́ àná: Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ SpaceX, tó fẹ́ gbé satẹ́láìtì SES-9 lọ ní 28 February 2016, ní Cape Canaveral ní Florida, Amẹ́ríkà. Ó ku ohun tí kò tó ìṣẹ́jú méjì kó gbéra ni wọ́n ní ọkọ̀ kan ti wọ ibi tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ lórí òkun. Wọ́n dá aago dúró. Ìyẹn yé mi. Ọkọ̀ kúrò, wọ́n tún aago kà, ẹ́ńjìnnì ṣáná, àfi bó ṣe tún kú. Wọ́n ní ọ́síjìn olómi inú táǹkì, èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń jó epo, ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibẹ̀ ló ti dà mí láàmú. Ohun tó tutù tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi ń tètè gbóná? Ìyá tó ń ta pure water nítòsí wa ní Ojúẹlẹ́gbà, láti àárọ̀ dalẹ́ ni omi inú kúlà rẹ̀ ń ta eyín. Àwọn tó ń náwó bí ẹlẹ́dà ò wá lè ra kúlà? Àti pé, ṣé dandan ni kó tutù tó yẹn?

* * *

BàbáSìlíńdà:

Kúlà wà, ọmọ mi. Ilẹ̀ ló wà. Táǹkì tí wọ́n ń kó ọ́síjìn olómi pamọ́ sí ní ibùdó, ọ̀kan wà nínú ìkejì ni, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín méjèèjì kúrò bíi ti fúláàsì tíì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ò ní kúlà lára. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara táǹkì ọ́síjìn Falcon 9, kò sí aṣọ lára rẹ̀, oòrùn Florida ń pa á, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìdáhùn gan-an. Inú ìkòkò ni ìdáhùn wà. Gbé omi ka iná títí yóò fi hó. Tó bá ti ń hó, o lè máa koná mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbóná ju 100°C lọ. Gbogbo ooru tó ń wọlé, oru ló ń bá jáde. Ọ́síjìn olómi tí àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, −183°C ló wà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń hó. Ó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú táǹkì, wọ́n ń bù kún un láti ìsàlẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, −183°C náà ni yóò wà.

Èyí tí Falcon 9 ń lò láti December 2015 yàtọ̀. Wọ́n ti mú un dé nǹkan bí −207°C. Kò hó. Nítorí pé kò hó, kò ríbi da ooru tó bá wọlé sí. Ara rẹ̀ ló ń gbé e sí. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó gòkè díẹ̀. Òmíràn kọjá, ó tún gòkè. Bó ṣe ń gbóná ló ń wú, tí lítà kan rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i. Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà kò wúwo tó ohun tí wọ́n ṣírò. Híliọ́mù, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọ́síjìn jáde nínú táǹkì, tó kó jọ sínú páìpù tún dá kún un lọ́jọ́ tí o wí yẹn. Agbára ẹ́ńjìnnì ò dé ibi tó yẹ kó dé, kọ̀ǹpútà sì pa á.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọ́síjìn àti náítírójìn olómi ni mo fi jẹun ní Ìkẹjà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan ò sí níbẹ̀, ilé ìwòsàn àti àwọn wẹ́dà la ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kan náà ni.

* * *

Wẹ́dàMushin:

Bàbá, kí wọ́n ṣáà tú èyí tó gbóná dànù, kí wọ́n rọ tuntun sí i. Kí ló le níbẹ̀?

* * *

BàbáSìlíńdà:

Wọn kì í dà á nù, ilẹ̀ ni wọ́n ń fà á padà sí kí wọ́n lè tún un mú tutù. Ìyẹn gba wákàtí, àyè tí wọ́n sì ní lójúmọ́ fún irú satẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ lè má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. SES-9 yìí kan náà, wọ́n gbìyànjú ní 24 February, wọ́n sún un. 25 February, wọ́n tún sún un, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn náà ni. 28 February ni tọlọ́kọ̀. 4 March ló tó lọ.

Ẹ rántí pé ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn báyìí.

* * *

TíṣàFísíìsì:

Kí a má ṣì í pè. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń pè é ní supercooled. Kò rí bẹ́ẹ̀. Supercooled ni ohun tó ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì, síbẹ̀ tí kò dì. Ẹ ó ti rí i rí: ẹ gbé ìgò omi jáde nínú fíríísà, omi ni lójú, ẹ fi gbá tábìlì, ó di yìnyín lójú yín. Ọ́síjìn kì í dì títí yóò fi dé nǹkan bí −218°C. Ní −207°C, omi ni ó yẹ kó jẹ́, omi náà ló sì jẹ́. Ibi híhó rẹ̀ ló fi sílẹ̀, kò tíì dé ibi dídì. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní «àtutùjù».

* * *

BàbáSìlíńdà:

Tíṣà, ẹ ṣe é, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n «jù» bíi ti báwo? Ta ló ní ó ti pọ̀ jù? Lójú oníṣẹ́, kò tíì tutù tó. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọ́síjìn tútù, gbogbo wa mọ èyí tí à ń wí.

AjíwòSánmà bi mí bóyá dandan ni. Lítà kan ọ́síjìn ní −183°C wọn 1.14 kìlógíráàmù. Ní −207°C, ó súnmọ́ 1.25. Táǹkì kan náà, páànù kan náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó lé. Kẹrosíìnì tó jẹ́ epo rẹ̀ náà, dípò 21°C, −7°C ni wọ́n ń mú un dé, òun náà ki díẹ̀ sí i. Ìyá tó ń ta gàrí tó bá mi kóńgò jìgìjìgì kó tó bù kún un ni. Àlékún yẹn ni wọ́n fi ń dá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì padà sílẹ̀. Ìrìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn tútù rìn ní December 2015, satẹ́láìtì Orbcomm 11 ló gbé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì padà wá fẹsẹ̀ balẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ohun tí Falcon 9 kò ṣe rí. Ẹni tó ní kí wọ́n má fi tútù ṣe é ń sọ pé kí wọ́n dín ẹrù kù ni, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣègbé sínú òkun.

Ẹ má sì rò pé kò kàn wá. Satẹ́láìtì kékeré tí àwọn ọmọ FUTA ní Àkúrẹ́ bá Japan ṣe, NigeriaEduSat-1, orí Falcon 9 ló gbà lọ ní 3 June 2017.

* * *

AjíwòSánmà:

FUTA kẹ̀! N ò gbọ́ ọ rí. Bàbá, ẹ ò tíì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ́síjìn olómi fúnra rẹ̀ o.

* * *

BàbáSìlíńdà:

Afẹ́fẹ́ tí ò ń mí yìí náà ni. 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, 21 jẹ́ ọ́síjìn, ágọ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1. Àwọn Ìlàjẹ tó ń se ògógóró mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: wọ́n á se ẹmu, ọtí á di oru ṣáájú omi, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá á sọ ọ́ di olómi padà. Ohun méjì tí ibi híhó wọn ò bá dọ́gba, iná lè yà wọ́n. Tiwa, otútù la fi ń yà wọ́n.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ pọ̀. A ó yọ omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dì bí òkúta nínú páìpù, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kó fẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sẹ́nu fáàfù nígbà tí fọ́kanáísà ń tú afẹ́fẹ́ táyà mọ bó ṣe ń tutù. Kó fẹ̀, kó tutù, kí a fi èyí tó tutù mú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tutù, títí yóò fi di omi. Carl von Linde ní Jámánì ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ ní 1895. Omi náà á wọ inú òpó gíga kan. Náítírójìn tó ń hó ní −196°C á gòkè, ọ́síjìn á jókòó sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìgò, mo rò pé wọ́n fi nǹkan sí i: ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aláró ní ẹ̀ẹ̀kẹta, búlúù tó fẹ́ má hàn.

Ibi tí tiwa parí sí nìyẹn. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ku ìpele kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú un lọ sísàlẹ̀ sí i ni pé wọ́n á jẹ́ kó gba inú páìpù tó rì sínú náítírójìn olómi. Ṣùgbọ́n −196°C kò tó, nítorí náà wọ́n á fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ orí náítírójìn náà kúrò. Ẹni tó bá ti gbé Jos mọ̀ pé omi tètè ń hó níbẹ̀ ju ti Èkó lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná. Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ fúyẹ́ ni. Náítírójìn tí wọ́n bá tú ẹrù orí rẹ̀ kúrò á máa hó ní ibi tó tutù ju −196°C lọ. Ọgbọ́n yẹn pin sí −210°C, torí níbẹ̀ náítírójìn fúnra rẹ̀ á dì. Ẹ wá rí ìdí tó fi jẹ́ −207°C ni iye tí à ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣeré lẹ́bàá ibẹ̀.

* * *

Wẹ́dàMushin:

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fóòmù bo táǹkì lọ́dọ̀ tiwọn, bíi ti kúlà ìyá oní pure water. Ọ̀rọ̀ tán.

* * *

BàbáSìlíńdà:

Wọ́n ti ṣe é rí. Táǹkì ńlá tó wà lára ọkọ̀ Shuttle tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí òfúrufú nígbà kan, fóòmù ló bò ó pátápátá. Ní 16 January 2003, ègé kan já lára rẹ̀ bí Columbia, ọ̀kan nínú àwọn Shuttle náà, ṣe ń gòkè, ó lu apá òsì. Ní 1 February, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ooru gba ojú ihò yẹn wọlé, èèyàn méje kú. Fóòmù wúwo, ó sì ń já. Mi ò sọ pé kò wúlò. Háídírójìn olómi tó wà ní −253°C kò ṣe é lò láìsí i. Ṣùgbọ́n «ọ̀rọ̀ tán» kọ́.

* * *

TíṣàFísíìsì:

Epo tí kò nílò otútù kúkú wà. NigeriaSat-1 wa, rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M ló gbé e lọ láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní 27 September 2003. Epo rẹ̀ ń jókòó jẹ́ẹ́ sínú táǹkì, kò sí pé ọkọ̀ ojú omi kan yà.

* * *

BàbáSìlíńdà:

Bẹ́ẹ̀ ni, májèlé sì ni. Bí ẹ bá fa oru rẹ̀ símú, ẹ ó mọ̀. Èmi, ọ́síjìn ló tẹ́ mi lọ́rùn.

* * *

Nọ́ọ̀sìHouston:

Ẹ kú àlàyé o, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí tiyín. Ọdún 2021, nígbà tí kòrónà ń jà, ọ́síjìn là ń wá fún aláìsàn. Mo gbọ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń bá wa du ú.

Èkejì: mo gbọ́ pé wọ́n ń kó èèyàn sínú rẹ̀ KÍ WỌ́N TÓ rọ epo. Ní ilé epo nílé, ṣebí wọ́n máa ń ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì? Ẹ ò ní fi ọmọ tèmi jókòó sórí nǹkan tí wọ́n ń rọ epo sí lọ́wọ́.

* * *

BàbáSìlíńdà:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ́síjìn aláìsàn ṣáájú. Nínú ìyẹn, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló fara gbá a. Ní 2021 yẹn, wọ́n sún ìrìn satẹ́láìtì Landsat 9 síwájú ní ibùdó Vandenberg ní California, torí àwọn ọkọ̀ tí ì bá gbé náítírójìn olómi lọ fún wọn ń gbé ọ́síjìn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ti èkejì yìí, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ohun tí ẹ sọ ni ọ̀pọ̀ ń sọ, àwọn tó sì mọ̀ jù wá lọ ti sọ ọ́. Thomas Stafford tó darí Apollo 10 lọ yí òṣùpá po ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ̀wé sí NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, ní December 2015 pé ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ní ayé Apollo àti Shuttle, wọ́n á rọ epo tán, kó rọlẹ̀, kí wọ́n tó mú èèyàn gòkè. Ti Falcon 9 kò lè rí bẹ́ẹ̀: ọ́síjìn tí wọ́n bá rọ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ti gbóná kí èèyàn tó de bẹ́líìtì tán. Nítorí náà, àwọn èèyàn á ti jókòó, ilẹ̀kùn á ti wà ní títì, kó tó ku bí ìṣẹ́jú 35 tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà, nǹkan ṣẹlẹ̀. 1 September 2016, Cape Canaveral kan náà. Kì í ṣe ọjọ́ ìfò, ọjọ́ àtidán ẹ́ńjìnnì wò ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé satẹ́láìtì AMOS-6 lé e lórí. Wọ́n ń rọ ọ́ lọ́wọ́, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó búgbàù. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà: 93 péré nínú rẹ̀ ló wà láàárín àmì àkọ́kọ́ àti ìgbà tí ìròyìn dá. Kò sẹ́ni tó kú. Facebook ti háyà lára satẹ́láìtì yẹn láti fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Áfíríkà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni Zuckerberg wá sí Yábàá.

Ohun tó fà á, wẹ́dà ni yóò tètè yé. Wẹ́dàMushin, ṣé o máa ń fi gírísì sẹ́nu sìlíńdà ọ́síjìn?

* * *

Wẹ́dàMushin:

Láyé! Ọ̀gá mi lù mí fún un ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ṣẹ́. Gírísì àti ọ́síjìn kì í pàdé.

* * *

BàbáSìlíńdà:

Ó dáa. Nínú táǹkì ọ́síjìn Falcon 9, ìgò híliọ́mù wà tó rì sínú ọ́síjìn. Inú ìgò yẹn jẹ́ álúmínọ́mù, wọ́n sì fi okùn kábọ́ọ̀nù wé e níta. Kábọ́ọ̀nù, ohun tí ń jó, nínú ọ́síjìn. Álúmínọ́mù náà ní ibi tó tẹ̀ wọnú díẹ̀ lábẹ́ okùn, ọ́síjìn wá há síbẹ̀. Híliọ́mù tí wọ́n rọ sínú ìgò tutù débi pé ọ́síjìn tó há náà lè dì. Ìgò ń le bó ṣe ń kún, ó ń fún ohun tó há mọ́ okùn. Ìforakora lásán ti tó. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń rọ híliọ́mù padà, wọ́n padà fò ní January 2017, wọ́n sì tún ìgò náà ṣe lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn èyí, èmi náà wà lẹ́yìn Stafford. Mo mọ ohun tí ìgbà ìrọ̀ jẹ́. Lọ́dún kan, a lọ kún táǹkì ilé ìwòsàn kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti fáàfù ọkọ̀ pa, ó lọ ti ti táǹkì pa, ọ́síjìn olómi ṣì wà nínú họ́ọ̀sì láàárín. Fáàfù kékeré tó yẹ kó tú u sílẹ̀ nígbà tó bá wú, ẹnì kan ti dí i pa nítorí pé ó ń jò. Lítà kan ọ́síjìn olómi, tó bá gbóná tán, nǹkan bí 860 lítà afẹ́fẹ́ ni. Mo gbójú sókè, mo rí i tí yìnyín ń já wẹ́wẹ́ bọ́ lára họ́ọ̀sì, tí họ́ọ̀sì ń gan díẹ̀díẹ̀ bí ejò tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ̀wù ọmọ náà ni mo fà. A ò tíì yí ẹ̀yìn ọkọ̀ tán tó fi bẹ́, ẹnu irin rẹ̀ sì gba gíláàsì iwájú ọkọ̀ wọlé. Ìdajì wákàtí la fi dúró sí gbangba kí n tó gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí sìgá, torí ọ́síjìn ti wọ inú aṣọ wa.

Kí ló wá yí mi lọ́kàn padà? Mo ka iye orí. Ní ti àtijọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún, àwọn tó ń fò àti àwọn tó ń dè wọ́n ní bẹ́líìtì ń rìn kiri lẹ́bàá rẹ̀ fún wákàtí. Ní ti tuntun, gbogbo òṣìṣẹ́ ti kúrò, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ló kù, ẹ́ńjìnnì tó lè fà wọ́n yọ sì ti wà ní ìmúrasílẹ̀ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó wọ táǹkì. Irú rẹ̀ ti yọ èèyàn rí: 26 September 1983, rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz gbiná lórí pèpéle, ohun tó ń fa ọkọ̀ yọ gbé Titov àti Strekalov, àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀, kúrò, wọ́n yè. NASA gbà á ní August 2018, èèyàn méjì sì fò bẹ́ẹ̀ ní 30 May 2020.

Ibi kan ni mi ò gbà fún wọn. Kí wọ́n má sọ pé nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́ lẹ́yìn. Nítorí otútù ni. Àlàyé ààbò dé lẹ́yìn, ó sì dára pé ó dé.

* * *

Nọ́ọ̀sìHouston:

Mo gbọ́, Bàbá. Ọmọ tèmi ṣì máa jókòó sílé.

* * *

AjíwòSánmà:

Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Mo lọ bá ìyá oní pure water lónìí, mo ní kí n yẹ kúlà rẹ̀ wò. Yìnyín ńlá ló wà nísàlẹ̀, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi inú ọ̀rá sì wà lórí rẹ̀. Bàbá, ọ̀rọ̀ ìkòkò yín ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: yìnyín tó ń yọ́ náà ló ń gba ooru, bí híhó ṣe ń gbà á. Kúlà ìyá yìí, rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni!

Mo bi í pé, màmá, tí yìnyín bá yọ́ tán ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ó ní, «Tí yìnyín bá tán, mo máa ń sáré tà á ni. Kí n tó dé abẹ́ bíríìjì, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.»